Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Yọ Ló Gba Ipò Kìíní

Bàbá, ìbéèrè tí ẹ bi mí lẹ́yìn eré kẹ̀kẹ́ tí a jọ wò kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dáhùn lórí ìdúró. Ẹ ní ọkùnrin kan ń bẹ níwájú lóun nìkan, òjò ń pa á, ó ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ku díẹ̀ kó dé ibi tí wọ́n ń lọ ni èrò rẹpẹtẹ bá ya bò ó láti ẹ̀yìn. Ọmọ adúláwọ̀ kan tí a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ ló wá yọ láàárín wọn, tó sì gba ipò kìíní. Inú yín dùn pé adúláwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹjọ́ náà kò tọ́: ẹni tó ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ni ì bá jẹ èrè. Mo ní n ó fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn gan-an ni ọkàn eré náà wà.

Ọjọ́ tí a wò yẹn ni ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2024, ìpele kẹjọ nínú Tour de France. Semur-en-Auxois ni wọ́n ti gbéra, wọ́n sì parí sí Colombey-les-Deux-Églises, ọ̀nà kìlómítà 183. Colombey yìí ni ilé Charles de Gaulle, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ: òun ni ààrẹ Faransé tó ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ìjọba Balewa fi lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1961. Ẹni tó dá wà níwájú ni Jonas Abrahamsen, ọmọ Norway. Àwọn méjì bá a sá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹni tó gba ipò kìíní ni Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, tí wọ́n bí ní Asmara ní ọdún 2000.

Ẹ má fi ojú eré ẹsẹ̀ wo Tour de France. Kì í ṣe eré ọjọ́ kan. Láti ọdún 1903 ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ti di eré ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ìpele 21 láàárín ọjọ́ 23, ìsinmi ọjọ́ méjì péré. Ní ọdún 2024, ikọ̀ 22 ló wá, ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ 176, ọ̀nà tí wọ́n là kalẹ̀ fún wọn sì tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500. Wọ́n ń ṣírò àkókò tí oníkálukú fi rin gbogbo rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Ṣùgbọ́n ìpele kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ìdíje fúnra rẹ̀, ó ní olúborí tirẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìpele kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí wọ́n ń wá láyé wọn.

Àwọn tó ń gba ẹ̀wù ìyeyè sábà máa ń jẹ́ ènìyàn tín-ín-rín, tí òkè kì í dà láàmú. Ẹ gbé irú wọn sí ọ̀nà Òkè-Ìlá, wọ́n á gun àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ bí ẹni ń ṣeré. Àwọn tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti sáré àsápajúdé níparí ọ̀nà yàtọ̀ pátápátá. Itan wọn ki, wọ́n wúwo, òkè gíga ń jẹ wọ́n níyà. Ibi tí ọ̀nà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni ọjà wọn wà, pàápàá jù lọ mítà 200 tó kẹ́yìn. Asápajúdé ni n ó máa pè wọ́n láti ibí lọ.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn ni. Nígbà tí ẹ̀ ń gun Raleigh yín lọ sóko, bóyá ẹ kò fura sí i, nítorí kẹ̀kẹ́ oko kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti kọjá kìlómítà 40 ní wákàtí kan, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò máa lọ sórí títi atẹ́gùn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, tí táyà iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn onítọ̀hún, yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́, bẹ́ẹ̀ eré kan náà ni wọ́n jọ ń sá. Tẹni tó bá wà láàárín ọ̀wọ́ ńlá, tí ènìyàn yí i ká, tún fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ọ̀nà oko ní ìdájí: ẹni tó ṣíwájú ni ìrì ń pa, aṣọ rẹ̀ á tutù rinrin dé orúnkún, àwọn tó tẹ̀lé e á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé oko láìtutù. Abrahamsen nìkan ló gba gbogbo ìrì ọjọ́ yẹn sára. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pààrọ̀ ara wọn ní tiwọn: ẹnì kan á ṣíwájú fúngbà díẹ̀, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí wọn kò tètè mú un nígbà náà? Wọ́n lè mú un. Wọn kò fẹ́ ni. Bí wọ́n bá mú un nígbà tí ọ̀nà ṣì jìn, ẹlòmíràn tí kò tíì rẹ̀ yóò tún sá jáde, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nítorí náà wọ́n á jẹ́ kó lọ, wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n á máa ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Àwọn ikọ̀ tó ní asápajúdé ló máa ń gbé iṣẹ́ náà lé orí. Wọ́n á fi ènìyàn kan tàbí méjì ṣíwájú ọ̀wọ́ láti máa dín àlàfo náà kù díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò àtijọ́ kan wà láàárín wọn pé ọ̀wọ́ tó bá múra lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan padà láàárín kìlómítà 10. Rédíò kékeré wà létí wọn, ọ̀gá wọn nínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé wọn ń sọ iye tó kù. Ohun tí ẹ rí bí àjálù tó bá ọkùnrin yẹn lójijì, wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀sán.

Àmọ́ Abrahamsen kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹ̀wù funfun alámì pupa rìbìtì rìbìtì tí ẹ rí lọ́rùn rẹ̀ ni ti àwọn tó ń kó máàkì orí òkè. Ó ń wá máàkì òkè kéékèèké tó wà lọ́nà kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ilé-iṣẹ́ tó ń náwó sí ikọ̀ rẹ̀ rí orúkọ wọn lójú tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo wákàtí yẹn. Ọjọ́ mìíràn sì wà tí ìṣirò ọ̀wọ́ máa ń kùnà, tí ẹni iwájú á bọ́. Inú yín á dùn láti gbọ́ pé ní oṣù Keje ọdún 2025, Abrahamsen yìí kan náà àti àwọn díẹ̀ sá jáde lọ́nà Toulouse, ọ̀wọ́ ńlá kò bá wọn mọ́, òun ló sì gba ìpele náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ṣáájú ìgbà náà ni eegun èjìká rẹ̀ kán.

Ẹ jẹ́ ká wá dé kìlómítà márùn-ún tó kẹ́yìn. Ọ̀wọ́ tó ti fẹ̀ kún títì tẹ́lẹ̀ yóò na gbọọrọ. Àwọn ẹlẹ́wù kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tò tẹ̀lé ara wọn, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, asápajúdé wọn á sì wà ní ìdí. Iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ni láti fi gbogbo agbára rẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀ fún un. Ó lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọjọ́ tirẹ̀ ti parí nìyẹn; bó bá rọra ń bọ̀ lẹ́yìn tó dé ní ipò 150, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ẹnì kejì á gbà á, ẹnì kẹta á gbà á. Bí wọ́n ti ń pààrọ̀ ni eré ń pọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni láti ẹ̀yìn má bàa ráyè yọ. Níbi tó bá ti ku kìlómítà kan, ẹ ó rí ẹnu-ọ̀nà pupa tí wọ́n gbé kọ́ sókè títì. Láti ibẹ̀, ó sábà máa ń ku ẹni méjì tàbí mẹ́ta níwájú asápajúdé. Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo eré yìí. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ẹni tó ń fà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀nà: ibi tí títì yóò ti ṣẹ́ kọ́nà, apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ̀gbẹ́ tí àyè yóò ṣí sí. Tó bá ku bíi mítà 200, á yà, asápajúdé á wá jáde sínú atẹ́gùn, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Mítà 200 yẹn kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 11 lọ. Wọ́n á dìde kúrò lórí ìjókòó, wọ́n á tẹ orí wálẹ̀ dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á máa mì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ wọn, eré á sì lé ní kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá tètè jáde, agbára rẹ̀ á tán kí ìlà tó dé. Ẹni tó bá pẹ́ jù, ọ̀nà á tán kí agbára rẹ̀ tó tán. Nígbà tí wọ́n bá kan ìlà, wọ́n á na apá gbọọrọ, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ síwájú kúrò lábẹ́ ara wọn, nítorí etí táyà iwájú ni kámẹ́rà ń wò, kì í ṣe àyà bíi ti eré ẹsẹ̀. Ní ọdún 2017, ní Nuits-Saint-Georges, Marcel Kittel ará Jámánì àti Edvald Boasson Hagen ará Norway kan ìlà pa pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti rin ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 210. Ojú lásán kò lè yà wọ́n. Wọ́n yẹ fọ́tò wò títí: mìlímítà mẹ́fà ni Kittel fi ṣáájú.

Àwọn asápajúdé ní ẹ̀wù tiwọn, aláwọ̀ ewé. Máàkì ni wọ́n fi ń gbà á. Ní ìpele tó tẹ́jú, ẹni àkọ́kọ́ ń gba 50, ẹnì kejì 30, ẹnì kẹta 20, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún. Ibì kan tún wà láàárín ọ̀nà tí wọ́n ti ń sáré fún máàkì 20. Ní ọdún 2024 Girmay gba ìpele mẹ́ta: Torino ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, Colombey tí a wò, àti Villeneuve-sur-Lot ní ọjọ́ 11. Ó parí pẹ̀lú máàkì 387, Jasper Philipsen ará Bẹ́ljíọ̀m tó tẹ̀lé e ní 354. Ẹ má sì rò pé ẹni tó gba ìpele rẹ̀ tán lè padà sílé lọ sùn. Ó gbọ́dọ̀ gun gbogbo òkè Pyrenees àti Alps, kó sì dé kí àkókò tí wọ́n dá tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á lé e kúrò. Lọ́jọ́ òkè, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sí, ọ̀tá àná á di alábàárìn, wọ́n á jọ máa ṣírò ìṣẹ́jú tó kù. Lọ́dún yẹn kan náà, asápajúdé kan, Mark Cavendish, bì lórí kẹ̀kẹ́ nínú ooru Ítálì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ ikọ̀ rẹ̀ dúró tì í títí ó fi dé. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Saint-Vulbas, ó gba ìpele rẹ̀ tó di 35 nínú Tour, ó kọjá 34 tí Eddy Merckx gbà nígbà tirẹ̀. Girmay pàápàá ṣubú ní Nîmes ní ìpele 16. Ó dìde, ó sì gbé ẹ̀wù ewé náà dé Nice.

Ìṣubú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀. Òfin ni pé asápajúdé kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ dí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Katowice, ní Póláńdì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Dylan Groenewegen yà, Fabio Jakobsen sì já lu ọgbà irin. Àwọn méjèèjì jẹ́ ará Netherlands. Ojú Jakobsen bàjẹ́, ó wà láìmọ nǹkan kan ní ọsibítù; wọ́n fi òfin de Groenewegen fún oṣù mẹ́sàn-án. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Tour bẹ̀rẹ̀ ní Denmark. Jakobsen gba ìpele kejì. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ gan-an, Groenewegen gba ìkẹta. N kò lè wo ọjọ́ méjèèjì yẹn kí omi má lé sí mi lójú.

Ẹ tún bi mí pé kí ló dé tó fi di ọdún 2024 kí adúláwọ̀ ọmọ Áfíríkà tó gba ìpele nínú Tour. Mo ti rò ó dáadáa, n kò sì gbà pé ẹsẹ̀ ni kò lágbára. Àwọn tó máa gbé ènìyàn dé mítà 200 yẹn ni kò sí. Gẹ̀ẹ́sì kó Raleigh wá fún wa gẹ́gẹ́ bí irin iṣẹ́: tíṣà gùn ún lọ sílé ìwé, akọ̀wé gùn ún lọ sí kóòtù, ẹlẹ́mu Ìlá so ẹmu mọ́ ọn lọ sọ́jà. Kẹ̀kẹ́ ìje kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù méje lọ. Òfin ní kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 6.8 lọ. Ítálì ní tiwọn gbé ìje kẹ̀kẹ́ lọ sí Eritrea nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀, láti 1890 títí di 1941, ó sì wọ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́jẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, Burkina Faso ń ṣe Tour du Faso láti ọdún 1987. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, Fausto Coppi, ọ̀kan nínú àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó lókìkí jù lọ ní Ítálì, bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sáré níbẹ̀, ní Ouagadougou. Ibà mú un lọ sílé, àwọn dókítà rẹ̀ kò mọ̀ pé ibà ni, ó sì kú ní ọjọ́ 2 oṣù Kínní ọdún 1960.

Ikọ̀ àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ láti Áfíríkà tó sì wọ Tour de France, MTN tí ẹ ń ra káàdì rẹ̀ yìí ló náwó sí i: MTN-Qhubeka, ní ọdún 2015. Daniel Teklehaimanot ọmọ Eritrea wà nínú rẹ̀, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀wù alámì pupa yẹn. Ọmọ ọdún 15 ni Girmay nígbà náà. Ní 2018 ó bá ara rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé dá sílẹ̀ ní Aigle, ní Switzerland. Ó bọ́ sí ikọ̀ Faransé kan ní 2020, ó bọ́ sí Intermarché ti Bẹ́ljíọ̀m ní 2021. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ní Jesi, ó gba ìpele nínú Giro d'Italia, ó di adúláwọ̀ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ìpele nínú eré ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kankan. Bó ti ń ṣí ìgò wáìnì ìṣẹ́gun, ìdérí rẹ̀ fò lù ú lójú, ó sì ní láti fi eré náà sílẹ̀. Ọdún méjì kọjá kó tó di ti Torino. Ọ̀nà ọjọ́ náà lé ní kìlómítà 230. Ẹni bá gun irú rẹ̀ láti Ìlá, á ti kọjá Ìbàdàn dáadáa. Àwọn kan ṣubú nígbà tó ku díẹ̀, ọ̀pọ̀ asápajúdé pàdánù àwọn tó yẹ kó fà wọ́n. Girmay rí àlàfo, ó gbà á, ó fi Fernando Gaviria ọmọ Kòlóḿbíà sẹ́yìn. Ó sunkún, ó ní ti gbogbo Áfíríkà ni. Intermarché fúnra wọn kò gba ìpele Tour rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń fa ènìyàn lè ṣe: ní ọdún tó tẹ̀lé e, ní Lille, ìpele àkọ́kọ́ Tour, Philipsen ní Mathieu van der Poel àti Kaden Groves níwájú rẹ̀ tí wọ́n fà á dé tòsí ìlà. Philipsen gba ipò kìíní, Girmay ṣe ìkejì.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, Ese Ukpeseraye ló lọ sí Òlíḿpíìkì Paris ní 2024. Lẹ́yìn tó sá ìje títì, àyè tún ṣí sílẹ̀ fún un nínú ìje inú pápá, ṣùgbọ́n kò ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ó fi sá keirin, ìje kan tí alùpùpù kékeré máa ń ṣíwájú gbogbo wọn, tí yóò sì yà kúrò kí wọ́n tó tú sáré. Níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló jọ ní ẹni tó ń gé atẹ́gùn fún wọn. Lórí títì, owó ni wọ́n fi ń ní i. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé ti eré kẹ̀kẹ́ ojú títì wá sí Kigali, ní Rùwáńdà, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sí Áfíríkà nìyẹn. Inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n ikọ̀ tó ń sanwó oṣù fún ènìyàn méje láti ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ṣì wà.

Ní ti ọmọ-ọmọ yín tí ẹ ní kì í sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ má jẹ́ kó máa dá sáré kiri ìlú mọ́. Kó wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn jọra, kí wọ́n jáde ní òwúrọ̀ Sátidé kí ọkọ̀ tó pọ̀, kí wọ́n gba Òkè-Ìlá lọ, kí wọ́n padà. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa gba iwájú lọ́wọ́ ara wọn. Kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ti ń sún mọ́ táyà ẹni iwájú láìfi ìbẹ̀rù tẹ búréèkì, ìyẹn ló máa ṣòro jù fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n dé akoto. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, n ó tẹ̀lé wọn lórí ọ̀kadà mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n lè máa dá ọkọ̀ ẹ̀yìn dúró fún wọn.